Beaujolais Inú Ìgò: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Ṣí I? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí léraléra nípa wáìnì Beaujolais nìyí, pàápàá àwọn tó ra ìgò kan tí wọn kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n ṣí i lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí kí wọ́n gbé e pamọ́. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó.

Kí ni Beaujolais gan-an?

Beaujolais jẹ́ ilẹ̀ olókè kan ní ilẹ̀ Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìlú Mâcon tó sì lọ títí dé tòsí ìlú Lyon. Orúkọ ilẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe wáìnì pupa tó ti ibẹ̀ wá. Àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é ni Gamay, èyí tí èèpo rẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n tí omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Ní 1395, Philippe le Hardi tó ń ṣàkóso Bourgogne, ilẹ̀ tó múlé gbe Beaujolais ní àríwá, pàṣẹ pé kí wọ́n fa Gamay tu kúrò lórí ilẹ̀ òun, ó ní àjàrà burúkú ni. Lórí akọ òkúta Beaujolais, àjàrà tí wọ́n lé yìí rí ilẹ̀ tó bá a lára mu.

Ohun méjì nípa Gamay ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí pé gbogbo ìdáhùn tó kù dúró lé wọn lórí. Èkíní ni pé tánínì rẹ̀ kò pọ̀. Tánínì ni ohun tó máa ń fún ẹnu pọ̀ bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì. Èkejì ni pé ó kan dáadáa lẹ́nu, ó sì ń mú kí itọ́ sun. Tánínì àti kíkan ni ó máa ń gbé wáìnì pupa la ọ̀pọ̀ ọdún já. Ìdí nìyẹn tí Gamay kì í fi í pẹ́ tó àwọn àjàrà líle kan, síbẹ̀ tí kì í tètè rọ bí àwọn kan ṣe rò.

Ṣé òótọ́ ni pé Beaujolais kì í pẹ́ nínú ìgò?

Òótọ́ ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ fún gbogbo rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ Beaujolais Nouveau ni èrò yìí ti wá, ìyẹn wáìnì tuntun tí wọ́n máa ń gbé jáde ní ọdún kan náà tí wọ́n kórè àjàrà rẹ̀. Láti 1951 ni òfin ti fàyè gbà á pé kó jáde ṣáájú àwọn yòókù, nígbà tó sì di 1985, wọ́n mú Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù Kọkànlá gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ rẹ̀. Georges Duboeuf, oníṣòwò wáìnì tó kú ní 2020, wà lára àwọn tó gbé e káàkiri àgbáyé, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ Beaujolais mìíràn mọ́.

Ẹni tó bá mọ emu òwúrọ̀ nìkan yóò rò pé gbogbo ọtí ni kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ìgò Moulin-à-Vent, ọ̀kan nínú àwọn Beaujolais tó ga jù, tí ọdún rẹ̀ dára, tí wọ́n sì tọ́jú dáadáa, lè lo ọdún 10, àwọn mìíràn sì lè lo 20, kó ṣì máa dùn. Ó máa ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí ẹni tó da irú ìgò bẹ́ẹ̀ sínú ife ní ọdún kìíní nítorí ìbẹ̀rù pé yóò kú.

Báwo ni mo ṣe lè mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ mi?

Bébà ara ìgò ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí Nouveau tàbí Primeur, wáìnì tuntun ni. Bí ó bá jẹ́ Beaujolais lásán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti apá gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ amọ̀ àti òkúta ẹfun, tí wọ́n sì ń fi òkúta aláwọ̀ wúrà kọ́ ilé. Bí ó bá jẹ́ Beaujolais-Villages, láti orí àwọn òkè tó wà ní abúlé 38 ni.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn orúkọ mẹ́wàá tó ga jù, tí wọ́n ń pè ní cru: Saint-Amour, Juliénas, Chénas, Moulin-à-Vent, Fleurie, Chiroubles, Morgon, Régnié, Côte de Brouilly àti Brouilly. Régnié ló dé kẹ́yìn, ní 1988. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, nítorí pé lára ìgò àwọn mẹ́wàá wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ náà Beaujolais lè má hàn rárá, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sí ìsàlẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbé Nouveau pamọ́ fún ọdún mẹ́rin, tó sì mu Morgon rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó rà á, nítorí pé orúkọ Beaujolais tó mọ̀ ni ó wò.

Bí ẹ bá tún rí orúkọ oko tàbí òkè kan lábẹ́ orúkọ abúlé, bíi Côte du Py lábẹ́ Morgon, ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe é kò da èso ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Irú bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń yẹ fún ìpamọ́.

Ìgbà wo ni kí n mu Beaujolais Nouveau?

Láti ọjọ́ tó bá jáde títí di Ọdún Àjíǹde, kí ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ọdún kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fà á. Odidi ṣíírí àjàrà ni wọ́n ń kó sínú àgbá ńlá tí carbon dioxide kún, wọn kì í fọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé inú èso kọ̀ọ̀kan ni ṣúgà ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti fún un, kí èèpo rẹ̀ tó ráyè fi tánínì púpọ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ló ń mú òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti súùtì ọmọdé jáde, òórùn yìí ló sì kọ́kọ́ ń fò lọ.

Bí ẹnì kan bá fi Nouveau ọlọ́dún mẹ́ta ta yín lọ́rẹ, kò ní pa yín lára. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí kò bá ní adùn mọ́, ẹ fi se ẹran màlúù lórí iná jẹ́jẹ́.

Beaujolais lásán àti Beaujolais-Villages ńkọ́?

Ẹ mu ti àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan sí méjì sí ọdún ìkórè tó wà lára ìgò, kí ẹ sì fún Villages ní ọdún méjì sí mẹ́ta. Villages tó ti ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ jáde lè tó ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n n kò rí i kí ó fi bẹ́ẹ̀ dára sí i. Kò kàn ní bàjẹ́ ni.

Nínú àwọn orúkọ mẹ́wàá náà, èwo ló ń pẹ́ jù?

Chiroubles ni ẹ ó kọ́kọ́ mu. Orí òkè gíga ni oko rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, wáìnì rẹ̀ sì fúyẹ́. Ọdún méjì sí mẹ́rin ti tó fún un. Régnié àti Brouilly, tí Brouilly jẹ́ èyí tó fẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, kì í fẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ. Saint-Amour pẹ́ díẹ̀ jù wọ́n lọ. Fleurie ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn nítorí òórùn òdòdó rẹ̀, mo sì máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n mu ìdajì rẹ̀ nígbà tí òórùn yẹn ṣì wà, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ títí di ọdún keje tàbí ìkẹjọ.

Ara Mont Brouilly fúnra rẹ̀ ni Côte de Brouilly ti ń hù, lórí òkúta líle tó ń dán bíi búlúù bí òjò bá rọ̀ sí i. Wáìnì rẹ̀ le ju ti Brouilly tó yí òkè náà ká lọ, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá. Juliénas àti Chénas wà nípò kan náà. Chénas ló kéré jù nínú gbogbo wọn, òkìkí rẹ̀ kò sì kàn, nítorí náà owó rẹ̀ kì í wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí Gamay ṣe ń dàgbà láìná owó rẹpẹtẹ, òun ni kí ẹ rà.

Morgon àti Moulin-à-Vent ni olórí. Òkúta tó ti jẹrà, tí irin wà nínú rẹ̀, ni ilẹ̀ Côte du Py ní Morgon, wáìnì ibẹ̀ sì máa ń yí padà lọ́nà tó yàtọ̀ débi pé àwọn Faransé fi orúkọ abúlé náà ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe: wọ́n ní wáìnì ń "morgonner". Moulin-à-Vent kì í ṣe abúlé ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọkà alátẹ́gùn tó dúró láàárín oko àjàrà ní Romanèche-Thorins ló fún un lórúkọ. Manganese wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, tó ń dín èso orí igi kù, tí ìwọ̀nba tó kù sì ń ki. Ẹ fún Morgon ní ọdún márùn-ún sí méjìlá, kí ẹ sì fún Moulin-à-Vent ní mẹ́fà sí márùndínlógún.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wáìnì náà nínú ìgò ní gbogbo àkókò yìí?

Àwọn èròjà àwọ̀ àti tánínì ń so mọ́ ara wọn, wọ́n ń wúwo, wọ́n sì ń silẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Òórùn èso tútù ń lọ díẹ̀díẹ̀, òórùn èso gbígbẹ, ewé tí òjò pa, olú àti awọ sì ń gba ipò rẹ̀. Kíkan rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, òun ló sì ń mú kí ọtí àgbà ṣì ta sánsán lẹ́nu. Nígbà tó bá ti dàgbà tán, ó máa ń jọ wáìnì àjàrà Pinot Noir ti Bourgogne débi pé àwọn onímọ̀ pàápàá máa ń ṣì í mú.

Morgon 2009 kan wà tí mo ṣí ní ọdún 2021. Nígbà tí mo da ife náà dagun lórí aṣọ tábìlì funfun, àárín rẹ̀ ṣì pupa dáadáa, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Òórùn ṣẹ́rì gbígbẹ ló kọ́kọ́ jáde, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òórùn bí igbó lẹ́yìn òjò tó tẹ̀ lé e. Tánínì rẹ̀ ti rọ̀ pátápátá, kò fún ẹnu pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí etí ife tó ti ń yí báyìí nígbà tí àárín ṣì mọ́, ìgò náà ti dé ibi tó ń lọ, ẹ má ṣe fi èyí tó kù pamọ́ pẹ́ mọ́.

Kí ló dé tí ìgò méjì láti abúlé kan náà àti ọdún kan náà kì í dàgbà bákan náà?

Ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni. Àwọn kan ń kó odidi ṣíírí sínú àgbá, wọ́n sì ń yọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí wáìnì wọn fi máa ń rọ̀, tó sì ṣeé mu kíákíá. Àwọn mìíràn ń já èso kúrò lára ṣíírí, wọ́n ń jẹ́ kí èèpo wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n sì ń fi wáìnì náà sínú àgbá igi óákù fún oṣù bíi mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Bourgogne. Château des Jacques, oko àjàrà tí ilé iṣẹ́ Louis Jadot rà ní 1996, jẹ́ àpẹẹrẹ ọ̀nà kejì yìí. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ lè le koko ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́.

Ọjọ́ orí igi náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Igi àjàrà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í so púpọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn. Bí ẹ bá rí Vieilles Vignes lára ìgò, igi àgbà ni wọ́n ń sọ. Kò sí òfin tó sọ iye ọdún tí igi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, nítorí náà ẹni tí ẹ bá fọkàn tán ni kí ẹ gbà á gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún wo ló dára láti tọ́jú?

Ọdún 2005 àti 2009 dára gan-an, ẹni tó bá ṣì ní ìgò wọn láti Moulin-à-Vent tàbí Morgon kó máa ṣí i báyìí. Ooru mú púpọ̀ ní 2015, wáìnì rẹ̀ sì ki, ó lágbára. 2003 ni ooru rẹ̀ kọjá àlà, ọ̀pọ̀ nínú wáìnì ọdún yẹn ló sì darúgbó ní àìtọ́jọ́. Yìnyín já lu Fleurie ní 2016 àti 2017, ó sì kan àwọn aládùúgbò rẹ̀, nítorí náà ohun tó jáde kéré. Ní 2021, ìrì dídì pa ọ̀mùnú àjàrà nínú oṣù Kẹrin, òjò sì pọ̀. Wáìnì rẹ̀ fúyẹ́, ẹ má fi pamọ́.

Èrò tèmi ni pé àwọn ènìyàn ń gbé ọdún olóoru ga jù. Ọtí rẹ̀ máa ń tóbi lẹ́nu nígbà tó wà ní èwe, ṣùgbọ́n bí kíkan rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, kò sí ohun tí yóò gbé e dúró nígbà tó bá yá. Ìgò 2010 àti 2014 tí mo ti mu wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì jù, èmi a sì fi ìgò 2019 pamọ́ ṣáájú 2018 tàbí 2022.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀ nílé?

Ibi tó ṣókùnkùn, tí kò mì, tí ó wà ní nǹkan bí 12 °C, ni kí ìgò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí, kí wáìnì lè máa kan kọ́ọ̀kì kó má bàa gbẹ. Òtútù tó dúró lójú kan ṣe pàtàkì ju òtútù tó pé pérépéré lọ. Ní London, abẹ́ àtẹ̀gùn tó jìnnà sí ẹ̀rọ amúlémóoru lè ṣe é. Ẹ má ṣe gbé e sórí fíríìjì láé, nítorí ibẹ̀ gbóná, ó sì ń gbọ̀n.

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: yàrá tó wà ní 30 °C yóò sọ Morgon di àgbàlagbà láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kú tó ń jí pẹ̀lú iná mànàmáná kò sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá ní fíríìjì wáìnì tí iná rẹ̀ kì í kú, ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ ó mu láàárín oṣù méjì. Fíríìjì ilé lásán tutù jù, ó sì gbẹ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n fún oṣù bí i mẹ́ta ó sàn ju orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Mo ṣí Moulin-à-Vent ọlọ́dún mẹ́ta, kò ní òórùn kankan. Ṣé ó ti kú ni?

Rárá, ó dákẹ́ ni. Àwọn tó le nínú wọn máa ń la àkókò kan kọjá, láàárín ọdún kejì sí ìkárùn-ún, tí òórùn èwe ti lọ tí ti àgbà kò sì tíì dé. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ní ìgò mìíràn irú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ọdún méjì míì.

Ṣé èyí tí wọn kò fi imí-ọjọ́ sí lè dàgbà?

Imí-ọjọ́ (sulphur) ni wọ́n máa ń fi sínú wáìnì kó má bàa tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní in náà lè dàgbà dáadáa. Jules Chauvet, onímọ̀ kẹ́míkà àti oníṣòwò wáìnì tó gbé ayé láti 1907 sí 1989, ló fi hàn pé bí èso bá mọ́ tí kò sì jẹrà, imí-ọjọ́ díẹ̀ tàbí aláìsí rárá ti tó. Marcel Lapierre, tó kú ní 2010, Jean Foillard, Guy Breton àti Jean-Paul Thévenet ní Villié-Morgon ló tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, mo sì ti mu Morgon irú èyí tó lé ní ọdún mẹ́wàá tó ṣì ń tàn.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò ní ààbò lọ́wọ́ ooru. Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ sára ìgò pé kí ó má ṣe kọjá 14 °C, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe gbé ìgò náà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ tètè mu ún.

Báwo ló ṣe yẹ kó tutù tó nígbà tí mo bá fẹ́ mu ún?

Èyí tó jẹ́ èwe dára ní 12 sí 13 °C, èyí tó jẹ́ àgbà ní 14 sí 15 °C. Ìmọ̀ràn pé ká máa mu wáìnì pupa bó ṣe wà nínú yàrá wá láti inú àwọn ilé òkúta tútù ní Yúróòpù. Nínú yàrá tiwa, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú fíríìjì ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un.

Bí ìgò bá ti lé ní ọdún mẹ́jọ, ẹ gbé e dúró ní ọjọ́ kan ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè silẹ̀. Ẹ dà á jẹ́jẹ́, kí ẹ dáwọ́ dúró bí ẹ bá rí i pé dúdú ti ń bọ̀ lọ́rùn ìgò. Ẹ má fi ọtí àgbà sínú jọ́ọ̀gì fún wákàtí púpọ̀, nítorí òórùn rẹ̀ lè lọ kí ẹ tó jókòó.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọtí tó darúgbó àti èyí tó bàjẹ́?

Bí ó bá ń rùn bíi páálí tó gba omi, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí. Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọ sókè, tí ọ̀rùn ìgò ń lẹ̀, tí ọtí náà sì ń rùn bíi jáàmù tó jóná, ooru ti pa á. Bí ó bá ń ta imú bí ọtí kíkan, afẹ́fẹ́ ti wọlé sí i. Èyí tó darúgbó lásán kì í rùn burúkú: àwọ̀ rẹ̀ á ti di bíi tíì, òórùn rẹ̀ á ti lọ tán, kíkan nìkan ni yóò sì kù lẹ́nu.

Bí ọtí èwe bá ń ta ahọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Carbon dioxide díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ẹ mi jọ́ọ̀gì náà dáadáa, yóò lọ.

Ìgò kan ṣoṣo ni mo ní, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ṣí i báyìí. Ìgò tó ṣì jẹ́ èwe yóò ṣì fún yín ní èso àti òdòdó, èyí tó ti kọjá àkókò rẹ̀ kò sì ní padà wá. Bí ẹ bá lè ra ìgò mẹ́ta Morgon tàbí Moulin-à-Vent nígbà mìíràn, ẹ ṣí èkíní lọ́dún kẹta, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ ṣí èkejì lọ́dún kẹfà. Bí èkejì bá dùn ju èkíní lọ, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ títí di ọdún kẹwàá. Bí kò bá dùn jù ú lọ, ẹ gbé e sórí tábìlì lọ́sẹ̀ yẹn.